Àwòrán ìhòòhò ń fò sókè lórí kọ̀ǹpútà mi níwájú oníbàárà. Mo fọ́ọ́mátì ẹ̀, ó tún padà dé!

Bàbá Ìyanu Ṣómólú · ọjọ́ Ajé, aago 9:14 alẹ́

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú alẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Iṣẹ́ ìwé títẹ̀ ni mo ń ṣe ní Ṣómólú, ó ti lé lógún ọdún báyìí. Káàdì ìgbéyàwó, ìwé ètò ìsìnkú, kàlẹ́ńdà, gbogbo ẹ̀ là ń ṣe. Èmi fúnra mi ni mo máa ń yà á lórí kọ̀ǹpútà kí n tó gbé e lọ fún àwọn tó ń ṣe pléètì. CorelDRAW ni mo ń lò. Ẹ má bi mí níbi tí mo ti rí i.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan ní ìjọ wa wá yẹ ìwé ètò ìsìnkú ọkọ wọn wò kí n tó tẹ̀ ẹ́. Wọ́n á ti lé ní àádọ́rin ọdún. Mo gbé àga fún wọn, wọ́n yọ awò ojú wọn nínú báàgì, wọ́n fi etí ìró nù ún, wọ́n wá ń kà á wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lójú kọ̀ǹpútà: orin ìwọlé, ẹ̀kọ́ kíkà, ìtàn ìgbésí ayé olóògbé. Ibi tí wọ́n ti dé "bàbá jẹ́ ẹni tó fẹ́ràn ilé Ọlọ́run" báyìí ni nǹkan fò sókè ní igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Obìnrin kan ni, kò wọ nǹkan kan sọ́rùn dé ìdodo, ó ní òun wà nítòsí mi, pé òun nìkan ló wà nílé. Mo yára tẹ X. Òmíràn fò sókè, ó ní fáírọ́ọ̀sì 5 ti wọnú kọ̀ǹpútà mi. Mo tẹ X ìyẹn náà. Ni obìnrin àkọ́kọ́ bá tún padà.

Màmá ò bínú, wọn ò pariwo. Wọ́n kàn yọ awò ojú wọn, wọ́n ká apá ẹ̀ méjèèjì, wọ́n ní, "Bàbá Ìyanu, ẹ máa gbàdúrà o."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ilẹ̀ ò lanu kó gbé mi mì lọ́jọ́ yẹn.

Kì í ṣe ìyẹn nìkan. Tí mo bá fẹ́ wá nǹkan lórí Chrome, dípò kí Google yọjú, á kọ́kọ́ yà síbì kan tí n ò mọ̀ rí, ojú ìwé á funfun díẹ̀, ìpolówó ọjà á wá bò mí. Mo ti gbé e fún ọmọkùnrin kan ládùúgbò, ó gba ₦8,000, ó fọ́ọ́mátì ẹ̀ pátápátá, ìyẹn ni pé ó nu gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀. Ìgbà tí mo gbà á padà, ó mọ́ tónítóní. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi sinmi. Lọ́jọ́ kẹrin, obìnrin yẹn ti dé. Ọmọ náà wá ń sọ pé hard disk ló ti bàjẹ́, kí n lọ ra tuntun. Ṣé òótọ́ ni? Owó ẹ̀ ò sí nílẹ̀.

Ọmọ Ọ̀jọ́ta · 9:31 alẹ́

Ẹ tún un fọ́ọ́mátì sà. Ẹni yẹn ò ṣe é délẹ̀. Àbí kẹ́ ẹ wá PC cleaner kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀, á gbá gbogbo ẹ̀ dànù.

Ẹnjiníà Òtìgbà · 10:02 alẹ́

Ọmọ Ọ̀jọ́ta, jọ̀ọ́ má da epo síná. Àwọn cleaner ọ̀fẹ́ yẹn gan-an wà lára ohun tí mò ń yọ kúrò lórí kọ̀ǹpútà àwọn èèyàn lójoojúmọ́ níbí ní Computer Village.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ra hard disk kankan. Hard disk ò mọ obìnrin tó wà nítòsí yín. Ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn ná. Tẹ́ ẹ bá wà lórí Corel, tẹ́ ẹ ò tilẹ̀ wo Chrome rárá, ṣé ó máa ń fò sókè? Tó bá fò sókè, ẹ wo ìsàlẹ̀ ẹ̀ dáadáa, ṣé wọ́n kọ orúkọ ìkànnì kan síbẹ̀ ní wínníwínní? Lẹ́yìn tí wọ́n fọ́ọ́mátì ẹ̀ ńkọ́, ṣé Gmail yín àtijọ́ lẹ fi wọ Chrome? Ta ló tún ń fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà yẹn yàtọ̀ sí yín?

Bàbá Ìyanu Ṣómólú · 10:20 alẹ́

Ẹnjiníà, ẹ ṣeun. Orí Corel ló tilẹ̀ ti máa ń yọ mí lẹ́nu jù. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ìsàlẹ̀ ẹ̀ ni o, torí ó fò sókè bí mo ṣe ń kọ eléyìí lọ́wọ́. Wọ́n kọ Google Chrome, wọ́n wá kọ orúkọ kan tó dà bíi pé ọmọdé jókòó lé kíbọ́ọ̀dù.

Gmail àtijọ́ ni mo fi wọlé. Ọmọ tó fọ́ọ́mátì ẹ̀ ló ní kí n fi wọlé kí páswọ́ọ̀dù mi lè padà wá, wọ́n sì padà wá lóòótọ́.

Ọmọ iṣẹ́ mi kan wà, Ìdòwú. Tí mo bá lọ òde lọ́jọ́ Sátidé, òun ló ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù. Mo gbọ́ pé ó máa ń wo bọ́ọ̀lù òyìnbó lórí ẹ̀.

Nǹkan kan tún wà. Nígbà kan, mo wá fóńtì tó lè gbé àmì ohùn Yorùbá. Àwọn oníbàárà mi ti ń bínú pé orúkọ àwọn ń jáde pẹ̀lú páálí kékeré níbi tó yẹ kí àmì wà. Mo dé ìkànnì kan, Download márùn-ún ló wà lójú ìwé kan ṣoṣo, gbogbo ẹ̀ aláwọ̀ ewé. Mo tẹ èyí tó tóbi jù. Ó ní kí n tẹ Next, mo tẹ̀ ẹ́. Ó ṣí Chrome, ó ní kí n tẹ "Add extension" kí fóńtì tó wọlé, mo tẹ ìyẹn náà. Fóńtì ò wọlé. Ṣùgbọ́n ìyẹn ti pẹ́, n ò sì tún ṣe é lẹ́yìn fọ́ọ́mátì, torí náà n ò rò pé òun ni.

Ẹnjiníà Òtìgbà · 10:58 alẹ́

Òun mà ni, ẹ̀gbọ́n! Òun ni ọ̀kan. Àìsàn méjì ló ń ṣe kọ̀ǹpútà yín, wọn kì í sì í ṣe ọmọ ìyá kan náà.

Ẹ jẹ́ ká mú ti obìnrin yẹn ná. Kò fipá wọlé, àṣẹ ló gbà. Ẹni tó bá ń wá bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ á dé ojú ìwé kan tí àwòrán róbọ́ọ̀tì wà, wọ́n á ní kó tẹ Allow kó lè fi hàn pé òun kì í ṣe róbọ́ọ̀tì. Bẹ́ẹ̀ Allow yẹn ò bá róbọ́ọ̀tì tan. Chrome ló ń béèrè pé, "Ṣé kí n gba ìkànnì yìí láyè kó máa ránṣẹ́ sí ọ?" Ẹni tó bá ti tẹ̀ ẹ́ ti gbà nìyẹn. Ì báà pa ojú ìwé yẹn, kó kúrò níbẹ̀, wọ́n á ṣì máa ránṣẹ́. Ọ̀nà tí Gmail ń gbà sọ fún yín pé lẹ́tà dé, ọ̀nà yẹn náà ni wọ́n gbà wá ń ta ìhòòhò fún yín. Fáírọ́ọ̀sì 5 yẹn, irọ́ gbuu ni. Ìkànnì ò lè ti igun yẹn yẹ inú kọ̀ǹpútà yín wò. Wọ́n fẹ́ kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n gbé yín lọ síbi tẹ́ ẹ ti máa ra antivirus, kí wọ́n rí èrè tiwọn lórí ẹ̀.

Ìdí tó fi ń padà lẹ́yìn fọ́ọ́mátì ni pé Sátidé ń padà. Ẹ bi Ìdòwú léèrè.

Bẹ́ ẹ ṣe máa yọ ọ́: àmì tóótòòtó mẹ́ta tó wà lókè Chrome lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ wọ Settings, Privacy and security, Site settings, Notifications. Ẹ máa rí gbogbo àwọn tẹ́ ẹ ti fún láṣẹ níbẹ̀. Ẹ yọ wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lókè ojú ìwé yẹn kan náà, ẹ sọ fún un pé kí ìkànnì kankan má tún béèrè mọ́. Iṣẹ́jú márùn-ún ni. Ẹ ò ní san kọ́bọ̀.

Èkejì ni ti Google tó ń yà kiri. Extension tẹ́ ẹ tẹ̀ lọ́jọ́ fóńtì yẹn ni, ìyẹn ètò kékeré tí wọ́n ń so mọ́ Chrome. Ó gba ibi tẹ́ ẹ ti ń wá nǹkan lọ́wọ́ Google, ó ń darí yín gba ọ̀dọ̀ tiẹ̀ kó lè rí owó ìpolówó. Ìgbà tí wọ́n fọ́ọ́mátì, ó kú lórí kọ̀ǹpútà lóòótọ́, ṣùgbọ́n Chrome ti kó o sínú Gmail yín pẹ̀lú páswọ́ọ̀dù. Bẹ́ ẹ ṣe wọlé padà, tòun tiwọn ló jọ dé. Ó dà bí ẹni tó sá fún eku, tó kó lọ sílé tuntun, àpótí tí eku bímọ sí ló sì fi kó aṣọ. Sync ni wọ́n ń pe àpótí yẹn.

Ẹ pa sync ná. Lẹ́yìn náà ẹ wọ Extensions, Manage extensions, ẹ yọ gbogbo èyí tẹ́ ẹ ò mọ baba ẹ̀. Ẹ padà sí Settings, ẹ wo Search engine, ẹ dá Google padà. Ẹ wo On startup náà, wọ́n máa ń sá pamọ́ síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i tí Chrome kọ "Managed by your organization", ìyẹn ni pé ilé iṣẹ́ yín ló ń darí ẹ̀, tí ẹ ò sì ní ọ̀gá kankan lórí yín, ó ti wọlé jù bẹ́ẹ̀ lọ nìyẹn. Ẹ lo AdwCleaner, ètò tó ń wá irú nǹkan báyìí rí, tó sì ń yọ ọ́; òun kì í ṣe ara àwọn cleaner tí mo bú lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀fẹ́ ni, ilé iṣẹ́ Malwarebytes ló ni ín láti 2016. Ìkànnì Malwarebytes nìkan ni kẹ́ ẹ ti gbà á o, torí àwọn kan ń lo orúkọ ẹ̀ tan èèyàn.

Ìbéèrè kan kù tẹ́ ẹ ò dáhùn: kọ̀ǹpútà mìíràn wo ni Gmail yẹn tún wà?

Ìyá Rúkà Ìdúmọ̀tà · ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:40 àárọ̀

Bàbá Ìyanu, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ má bínú, ẹ̀rín pa mí níbi tí màmá ti ní kẹ́ ẹ máa gbàdúrà.

Èmi ò ní kọ̀ǹpútà. Aṣọ ni mò ń tà, orí fóònù ni mo ti ń gbowó. Tèmi, bí oníbàárà bá ti ní òun ti sanwó, tí mo fẹ́ ṣí áàpù báǹkì wò ó, ìpolówó á bo gbogbo ojú fóònù. X tí wọ́n fi síbẹ̀ ò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Oníbàárà dúró, alábàárù dúró tẹrù tẹrù, èmi ń bá fóònù jà láàárín ọjà. Dátà tí mo ń rà fún ọ̀sẹ̀ kan, ọjọ́ mẹ́rin ló ń gbé. Mo ti ń fẹ̀sùn kan àwọn tó ń ta dátà.

Rúkà ló wá ní kí n má tẹ X mọ́. Pé tó bá ti bò mí, kí n tẹ ibi tó ń kó gbogbo áàpù tó ṣí sílẹ̀ jáde, pé orúkọ ẹni tó ni ìpolówó á wà lórí ẹ̀. Ẹ ò ní gbà gbọ́: áàpù tọ́ọ̀ṣì ni! Èyí tí mo gbà lálẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n mú iná lọ. Fóònù ọ̀hún sì ní tọ́ọ̀ṣì tiẹ̀ látilẹ̀wá, èmi ni mi ò mọ̀. Ó yọ ọ́ kúrò, ó wá wọ Settings, ó wá ibi tí wọ́n kọ "Display over other apps" sí, ó gba àṣẹ lọ́wọ́ gbogbo áàpù tí kò nídìí tó fi yẹ kó máa gun orí ẹlòmíì. Àtìgbà yẹn, mo sinmi.

Akẹ́kọ̀ọ́ Akoka · 8:15 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ sà, ẹ káàárọ̀ mà. Ẹnjiníà ti sọ gbogbo ẹ̀ tán, ti fóńtì nìkan ni mo fẹ́ fi kún un.

Bàbá, fóńtì kì í ní Next. .ttf tàbí .otf ni orúkọ fáìlì ẹ̀ máa ń parí sí, tàbí kí wọ́n dì í sínú .zip. Tẹ́ ẹ bá ti rí .exe, nǹkan míì ni wọ́n fẹ́ gbé fún yín. Ìdí tí páálí kékeré fi ń jáde ni pé "ọ̀" kì í ṣe lẹ́tà kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà. "Ọ" ní nọ́ńbà tiẹ̀, àmì ohùn ní nọ́ńbà tiẹ̀, fóńtì ló gbọ́dọ̀ mọ bó ṣe máa gbé ọ̀kan lé èkejì lórí. Ọ̀pọ̀ fóńtì ò mọ̀ ọ́n. Noto Serif mọ̀ ọ́n, orí Google Fonts ló wà. Charis SIL àti Gentium náà mọ̀ ọ́n, àwọn SIL, ẹgbẹ́ kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí èdè, ló ṣe wọ́n, orí ìkànnì wọn lẹ ti lè rí i. Ọ̀fẹ́ ni gbogbo wọn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ohun tó máa dí ìpolówó, uBlock Origin Lite ló ń ṣiṣẹ́ lórí Chrome báyìí. Ògbólógbòó uBlock Origin fúnra ẹ̀, orí Firefox ló ṣì wà.

Kí n sọ èyí fún ẹ̀rín: ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Ethan Zuckerman, ló kọ kóòdù tó kọ́kọ́ ń ṣí ìpolówó sínú fèrèsé ọ̀tọ̀, láyé 1990 sí 1999, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìkànnì kan tó ń jẹ́ Tripod. Ní 2014 ó tọrọ àforíjì nínú ìwé ìròyìn The Atlantic.

Bàbá Ìyanu Ṣómólú · 8:33 àárọ̀

Kó wá tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ màmá.

Ẹnjiníà Òtìgbà · 1:10 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n, mo gbàgbé ohun kan, ẹ bá mi sọ ọ́ fún Ìdòwú. Irú ojú ìwé róbọ́ọ̀tì yẹn kan wà tó tún burú ju Allow lọ. Á ní kéèyàn tẹ bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú R, kó tẹ Ctrl pẹ̀lú V, kó wá tẹ Enter. Ohun tó ń ṣe nígbà yẹn ni pé ó ń fọwọ́ ara ẹ̀ pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà kó lọ gbé olè wá. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpolówó mọ́, páswọ́ọ̀dù báǹkì ni wọ́n ń wá. Tó bá ti rí "Windows + R" lójú ìwé bọ́ọ̀lù, kó pa á kíá.

Bàbá Ìyanu Ṣómólú · ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:48 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ gbogbo ilé. Mo ní kí n má dákẹ́.

Mo pe Ìdòwú jókòó. N ò pariwo mọ́ ọn, mo kàn bi í léèrè. Ó ní, "Ọ̀gá, wọ́n bi mí bóyá róbọ́ọ̀tì ni mí, mo ní rárá." Kí ni mo fẹ́ fi bú u? Bí wọ́n bá bi èmi náà, ohun tí mo máa sọ nìyẹn.

Àwa méjèèjì la jọ ṣí Notifications. Mẹ́tàdínlógún! Mo ka orúkọ wọn sókè, òun ń yọ wọ́n. Méjì péré la mọ̀ nínú wọn, Gmail àti ìkànnì ìròyìn kan. Nígbà tó yọ èyí tó kẹ́yìn, a jókòó, à ń wo igun yẹn bí ẹni ń ṣọ́ ihò òkété. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò sí nǹkan. Títí di òní, kò sí nǹkan.

Ti extension ló wá yà mí lẹ́nu. Mo yọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù (ó ń jẹ́ orúkọ kan tó jọ ti ẹni tó ń yí PDF padà, mo sì ti ń rí i níbẹ̀ tí mo rò pé ti Chrome ni), Google dúró déédéé. Mo wá rántí ìbéèrè Ẹnjiníà. Ẹ̀yin ará, ilé ni mo ti wá fóńtì yẹn! Kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù. Iná ò sí ní Ṣómólú lọ́jọ́ yẹn, epo jẹnẹrétọ̀ ti tán, mo gbé iṣẹ́ lọ sílé, mo ṣe é lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí àwọn ọmọ ń lò. Gmail mi ló wà lórí ẹ̀. Nígbà tí mo délé tí mo ṣí i, extension yẹn rèé, ó jókòó bí onílé. "Managed by your organization" wà níbẹ̀ náà. Ìyá Ìyanu ní organization wo, mo ní mi ò mọ̀, ó ní àbí mo ti gba iṣẹ́ ìjọba ni.

₦8,000 tí mo san, ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n fi fọ̀, ilé ni ìdọ̀tí wà. Mo sọ ọ́ fún ọmọ tó fọ́ọ́mátì ẹ̀. Ó ní òun náà ò mọ̀ pé sync máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fún mi ní ₦2,000 padà, mo gbà á.

Akẹ́kọ̀ọ́, Charis ni mo fi tẹ ìwé màmá. Àmì ohùn jókòó sórí "ọ" àti "ẹ" bó ṣe yẹ. Ibì kan ṣoṣo ló wọ́ lórí Corel tèmi, nínú orúkọ ìdílé, mo fọwọ́ sún un. Ọ̀ọ́dúnrún ẹ̀dà. Màmá fúnra wọn ló wá gbà á lánàá. Mo tún gbé àga fún wọn. Wọ́n kí mi dáadáa, wọ́n wá fọwọ́ ara wọn yí àga yẹn, wọ́n kọjú sí ògiri, wọ́n ka ìwé wọn látòkè délẹ̀. Ẹ̀yìn ni wọ́n kọ sí kọ̀ǹpútà mi títí wọ́n fi lọ.

Ìbéèrè tó kù rèé, Ẹnjiníà. Mo ti gba AdwCleaner sórí tilé, láti ìkànnì tẹ́ ẹ sọ. Ó wò ó, ó ní nǹkan mẹ́rin ni òun rí. Ṣé kí n gbé e wá fún yín ní Òtìgbà lọ́jọ́ Ajé?

Ẹnjiníà Òtìgbà · 8:05 alẹ́

Ẹ má gbé nǹkan kan wá, ẹ̀gbọ́n, ẹ má da owó ọkọ̀ nù. Ẹ tẹ Quarantine, kó ti mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́lé. Ó máa ní kẹ́ ẹ pa á kẹ́ ẹ tún un tàn. Tó bá tàn, ẹ wo Chrome bóyá "Managed" yẹn ṣì wà. Tí kò bá sí mọ́, ẹ yọ extension yẹn níbẹ̀ náà, kẹ́ ẹ tó dá sync padà.

Bàbá Ìyanu Ṣómólú · 8:09 alẹ́

Mo ti tẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n pa á kí n tún un tàn lóòótọ́. Àwọn ọmọ ń wo kàtúùnù lórí ẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n ní ó ku díẹ̀ kó parí. Mo wà lẹ́yìn wọn níbí.